Ẹ̀yìn tó wọ́ gan-an: ewu iṣẹ́ abẹ lápá kan, ewu àìṣe é lápá kejì

Òbí tí wọ́n bá sọ fún ní ọsibítù pé iṣẹ́ abẹ ló kù fún ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ kì í pẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì nílé: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan eegun ẹ̀yìn o, wọ́n á sọ ọmọ yín di arọ." Ìyá ọkọ á sọ ọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò ní Ọjà Ọba l'Ádó á sọ ọ́, àwọn ará ìjọ náà á fi tiwọn kún un. Wọn ò purọ́. Ewu yẹn wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà léwu tirẹ̀, èyí tí kì í pariwo, tó ń jẹ èémí ọmọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá àti èémí tọ́jú ara, ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún àti àwọn tí òbí wọn kọ̀ jálẹ̀, gbogbo wọn ni mò ń bá pàdé. Mo kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkìtì tí ẹ ní láti yàn, kí ẹ lè gbé ewu méjèèjì síra wọn, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ó bèèrè lọ́wọ́ dókítà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ má fi bí ẹ̀yìn ọmọ yín ṣe máa gún tó yan irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ṣe. Bí wọ́n bá ṣe ń lépa kí ẹ̀yìn tó ti le, tí kò rọ̀ mọ́, gún sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewu ẹsẹ̀ rírọ ń pọ̀ sí i.

Kí ló wọ́ ọ?

Ọmọ méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí ẹ́síréè sọ pé ẹ̀yìn àwọn méjèèjì wọ́ tó 85 dígírì, síbẹ̀ kí ewu iṣẹ́ abẹ ọ̀kan tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Ohun tó fà á ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní Scoliosis Research Society kó àkọsílẹ̀ ọmọ 19,360 jọ, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn wíwọ́ fún láàárín 2004 sí 2007. Nínú àwọn tí ẹ̀yìn wọn kàn wọ́ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, láìsí ìdí kan tí a rí, nǹkan bí 6 nínú 100 ló bá ìṣòro kan tàbí òmíràn pàdé. Nínú àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn tí kò pé tàbí tó lẹ̀ mọ́ra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11. Àwọn tó jẹ́ pé iṣan tàbí ọpọlọ ló fà tiwọn, bíi cerebral palsy (àìlera ara tí ọpọlọ tó fara pa láti kékeré fà) àti iṣan tó ń rọ, sún mọ́ 18. Tí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 ló ní àìlera tuntun lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ló sì kú.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ló kọ àkọsílẹ̀ yẹn, púpọ̀ nínú ẹ̀yìn tí wọ́n tún ṣe ni kò sì wọ́ tó èyí tí mò ń sọ níhìn-ín. Tí ẹ̀yìn ọmọ yín bá ti kọjá 80 dígírì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ka ewu rẹ̀ lọ sókè.

Ní tiwa níbí, ẹ má gbàgbé ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó lè wọ inú eegun ẹ̀yìn, kí ó jẹ iwájú eegun náà tán, kí ẹ̀yìn wó síwájú, kí iké mímú sì yọ. Ọmọ náà lè má wúkọ́ rárá. Láti 1779 ni dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Percivall Pott, ti ṣàpèjúwe iké yìí àti bí ó ṣe máa ń rọ ni lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà wa ka abuké sí ẹni Ọbàtálá, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀wọ̀ yẹn dára, kí ó má yẹ̀. Ṣùgbọ́n iké tó ń yọ lẹ́yìn ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún tẹ́lẹ̀, tó ń rù, tó ń làágùn lóru, àìsàn ni, ó sì lóògùn. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fúnni ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì lò ó pé, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ láé. Tí wọ́n bá fi iké náà sílẹ̀ títí ó fi dì gbagidi, mùdùnmúdùn ẹ̀yìn, èyí tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lọ sí ẹsẹ̀, yóò na gbinrin lórí eegun mímú yẹn. Ẹsẹ̀ lè wá rọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti lọ. Iṣẹ́ abẹ lórí irú iké àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sì wà lára èyí tó léwu jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn.

Kí ẹ fi í sílẹ̀, àbí kí ẹ ṣe é?

Ìwọ̀n tí dókítà John Cobb fi lélẹ̀ ní 1948, láti fi ka bí ẹ̀yìn ṣe wọ́ tó lórí ẹ́síréè, ni wọ́n ṣì ń lò. Tí kò bá tó 10 dígírì, wọn ò kà á sí àìsàn. Láàárín 10 sí 25, wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Láti 25 sí nǹkan bíi 45, tí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, wọ́n lè fún un ní bréèsì, ohun líle tí wọ́n ń wọ̀ yí ara ká láti di ẹ̀yìn mú. Tó bá ti tó 45 sí 50, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti wọlé. Èyí tó kọjá 80 tàbí 100 ni a ń pè ní èyí tó le gan-an.

Tí ẹ bá fi í sílẹ̀: ẹ̀yìn tó ti kọjá 50 dígírì nígbà tí ọmọ parí ìdàgbàsókè máa ń wọ́ sí i, ó sábà máa ń tó dígírì kan lọ́dún. Tí wíwọ́ náà bá wà lókè, níbi tí egungun ìhà so mọ́, tó sì ti kọjá 80, ẹ̀dọ̀fóró kò ní àyè tó mọ́. Àwọn tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 5 ló burú jù, torí ọjọ́ orí yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀fóró ń kọ́ ara rẹ̀. Ọkàn á máa ṣiṣẹ́ àṣekún láti ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró tó há, ẹlòmíràn sì ń tibẹ̀ kú ní kékeré. Òótọ́ kejì tún wà tí ó yẹ kí a sọ: àwọn tí ẹ̀yìn wọn wọ́ nígbà ìbàlàgà tí kò sì le jù, ọ̀pọ̀ wọn ló dàgbà dé ọjọ́ ogbó láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yìn máa ń dùn wọ́n ju ẹlòmíràn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń bímọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Tí ẹ bá ṣe é: púpọ̀ nínú ewu náà yóò kó ara rẹ̀ jọ sí ọjọ́ kan náà, àti sí ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ewu kékeré mìíràn ń bẹ fún ọdún mélòó kan, torí irin lè ṣẹ́ tàbí kí eegun má so.

Ibi tí èmi yóò ti sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ nìyí: ìyá ẹni ọdún 58 ní Ìkéré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́ ní 60 dígírì láti ìgbà ọmọdé, tó ṣì ń rìn lọ sọ́jà láìsí pé èémí ń dá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára. Kí ni a fẹ́ gbà níbẹ̀ tó tó ohun tí a lè pàdánù? Wọ́n tọpa àgbàlagbà 272 tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ líle yìí fún ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá. Nínú 100, bí 22 ni ẹsẹ̀ wọn kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kúrò ní ọsibítù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó ti wálẹ̀ sí bí 11. Fún ẹni tó ń jẹ̀rora tí kò lè dìde, ó lè tọ́ kí ó gba ewu yẹn. Fún ìyá tí mo sọ yìí, kò tọ́.

Ibi tí n ò sì ti ní dákẹ́ nìyí: ọmọ ọdún 12, 85 dígírì, tó ṣì ń dàgbà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gòkè lọ síléèwé tí òun ń dúró mí ní àárín ọ̀nà. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi ń rò ó ń mú kí ẹ̀yìn náà le sí i, ẹ̀yìn tó le sì ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ tó léwu jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kọsẹ̀, tí kò lè di ìtọ̀ mú mọ́, kò sí àyè ìpàdé ẹbí fún ti ìyẹn. Kí ó dé ọsibítù lónìí.

Bréèsì? Ó dára fún ẹ̀yìn tí kò tíì wọ́ púpọ̀. Nínú ìwádìí ńlá tó jáde ní 2013, ọmọ 72 nínú 100 tó wọ̀ ọ́ ni ẹ̀yìn wọn kò dé ìwọ̀n iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́, 48 ni. Ọmọ ní láti wọ̀ ọ́ tó wákàtí 13 lójúmọ́, nínú ooru wa yìí. Fún ẹ̀yìn tó ti kọjá 80, bréèsì kò lè ṣe é, ẹ má fi ọdún méjì dán an wò. Àwọn tó ń to eegun ní abúlé mọ iṣẹ́ wọn lórí apá àti ẹsẹ̀ tó dá, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ wọ́n, kí wọ́n má fà, kí wọ́n má sì tẹ ẹ̀yìn tó ní iké. Tó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ líle kan ṣoṣo tó láti rọ ọmọ náà lẹ́sẹ̀.

Irú iṣẹ́ abẹ mẹ́ta tí wọ́n lè fi lọ̀ yín

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n la ẹ̀yìn, kí wọ́n de bóòtù mọ́ eegun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀pá irin méjì so wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì to èérún eegun sí i kí gbogbo rẹ̀ lè so di ọ̀kan. Ìdílé ọ̀pá irin tí Paul Harrington gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1962 ló bí i. Irin náà kàn ń dì í mú ni, eegun tó bá so ló ń gbé ẹrù títí ayé. Apá ibẹ̀ kò ní tẹ̀ mọ́, kò sì ní dàgbà mọ́.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ ṣáájú abẹ. Wọ́n á fi òrùka irin yí orí ọmọ ká, wọ́n á fi ìṣó kéékèèké mẹ́fà sí mẹ́jọ dì í mọ́ agbárí, wọ́n á so okùn àti òṣùwọ̀n mọ́ ọn, kí ó máa fa ẹ̀yìn sókè. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un lójoojúmọ́, títí yóò fi tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdajì ìwọ̀n ara ọmọ náà. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 12. Kò ní sùn kalẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó lè jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ó lè rìn nínú férémù tí wọ́n so okùn náà mọ́. Ó ń bani lẹ́rù láti wò, mo mọ̀, ìyá kan tó bá kọ́kọ́ rí i á sunkún. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé ojú ọmọ là sílẹ̀. Tí ọwọ́ bá ń ta á, tí ojú rẹ̀ bá ń rí nǹkan ní méjì, ó lè sọ, wọ́n á sì dín òṣùwọ̀n kù lójú ẹsẹ̀. Lórí tábìlì, tí ọmọ ti sùn, kò lè sọ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní VCR. Wọ́n á yọ odindi eegun ẹ̀yìn kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò níbi tó wọ́ jù, níwájú àti lẹ́yìn, kí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn wà ní ìhòòhò, kí wọ́n tó pa àlàfo náà dé. Òun ló ń mú kí ẹ̀yìn líle gún jù. Nínú ọmọ 147 tí wọ́n ṣe é fún ní àwọn ilé ìwòsàn tó gbóná jù lórí iṣẹ́ yìí, 59 nínú 100 ní ìṣòro kan tàbí òmíràn. Nínú bí 27 ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ti ké lójú iṣẹ́ abẹ pé ó ń jìyà, tàbí tí ọmọ kò lè gbé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n jí i wò. Kò sí ọ̀kankan tó rọ pátápátá títí ayé. Ẹ ka gbólóhùn méjèèjì pọ̀. Èkejì ṣeé ṣe nítorí pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tó ké, ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe sì wà níbẹ̀ tó gbọ́.

| | Bóòtù àti ọ̀pá irin | Òrùka orí ṣáájú, lẹ́yìn náà irin | VCR |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀yìn tó bá mu | Èyí tó ṣì ń rọ̀ bí ọmọ bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ | Èyí tó kọjá 80–100, tí ẹ̀dọ̀fóró ti há, ọmọ tó rù | Iké mímú tó ti dì, tí òrùka orí kò lè mì |
| Àkókò ní ọsibítù | Bí ọ̀sẹ̀ kan | Oṣù kan sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà abẹ | Ọ̀sẹ̀ kan sí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ICU (yàrá ìtọ́jú àwọn tí ara wọn le gan-an) |
| Ewu tó gba iwájú | Ẹ̀jẹ̀, kòkòrò, irin tó ṣẹ́ | Ọyún lójú ìṣó, iṣan ojú àti ọwọ́ | Ẹsẹ̀ rírọ, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ |
| Bí ẹ̀yìn ṣe ń gún tó | Ó dára | Ó dára, ara sì ti múra | Ó pọ̀ jù lọ |

Ìdájọ́ tèmi: bí wọ́n bá fi VCR lọ̀ yín, tí ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu kan òrùka orí, ẹ bèèrè ìdí. Ìdí gidi lè wà. Iké ikọ́ ẹ̀gbẹ tó mú bí orí ọ̀kọ̀, fífà kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó wọ́ yí ká, oṣù méjì lábẹ́ òrùka máa ń sọ iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́rù di èyí tó mọ níwọ̀n. Ẹ̀yìn 110 tó bọ̀ sí 60, tí orí dúró sí àárín ìbàdí, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rìn, iṣẹ́ ti yọrí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ní ọ̀nà tirẹ̀, irin tí wọ́n ń fà gùn bó ṣe ń dàgbà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n tún la ibẹ̀ ní bí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò. Èyí tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ kò nílò kí wọ́n máa là á, àmọ́ owó rẹ̀ ga púpọ̀.

Àwọn ewu náà, àti ohun tó ń dín wọn kù

Ẹsẹ̀ rírọ ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù, ó sì tọ́ kí a bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n fa mùdùnmúdùn ẹ̀yìn jù. Nígbà mìíràn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé bóòtù yà kúrò lójú ọ̀nà. Ohun àkọ́kọ́ tó ń dáàbò bò ó ni MRI ṣáájú, àwòrán tó ń fi mùdùnmúdùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ hàn, torí àwọn ọmọ kan, pàápàá àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú eegun tí kò pé, ní mùdùnmúdùn ẹ̀yìn tó pín sí méjì tàbí tó so mọ́ ìsàlẹ̀. Tí a bá fa irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, àgbákò ni. Ohun kejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi wáyà sí orí àti ẹsẹ̀, tó ń wò bóyá iṣẹ́ tí ọpọlọ rán ń dé ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí abẹ ń lọ. Ohun kẹta kò ná ẹnikẹ́ni ní owó ẹ̀rọ: wọ́n á jí aláìsàn ní àárín iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ní kí ó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi oorun sí i. Láti 1973 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ yín èwo ni yóò lò nínú ẹ̀rọ oníwáyà àti jíjí yìí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí ọ̀kankan, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Ojú abẹ gùn láti ọrùn dé ìbàdí, eegun sì ń sun ẹ̀jẹ̀. Oògùn kan wà, tranexamic acid, tó ń dín in kù, kò sì wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n yóò ní kí ẹ wá àwọn tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹbí láti Ọmúò tàbí Ẹfọ̀n tó ń gbé ọmọ lọ sí Ìbàdàn gbọ́dọ̀ kó àwọn ọ̀dọ́ alára líle lọ́wọ́, kì í ṣe kí wọ́n débẹ̀ kí wọ́n máa bẹ àlejò. Ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ọmọ náà kó tó di ọjọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ SS, iṣẹ́ abẹ ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n dókítà ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òtútù, àìmu omi tó àti àìrí èémí tó lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀ nínú àyà rẹ̀.

Ti èémí ni iṣẹ́ wa nínú físíò, n ò sì ní kánjú lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́, kí wọ́n ní kí ọmọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀dọ̀fóró. Tí kò bá tó ìdá 40 nínú 100 ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó wà lórí ẹ̀rọ èémí ní ICU fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ. Nítorí náà, kí ICU tó ní ẹ̀rọ èémí wà nílé ìwòsàn yẹn gan-an, kì í ṣe ní òdìkejì ìlú. Ní bí oṣù kan ṣáájú, ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ bàlúù láràárọ̀ àti lálẹ́, kó máa mí sínú dé ìsàlẹ̀ ikùn, kó máa rìn bí èémí rẹ̀ ṣe gbà á. Ọmọ tó ti kọ́ bí a ṣe ń wúkọ́ dáadáa kí wọ́n tó là á á yọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Èyí tí kò kọ́ ọ á máa bẹ̀rù ìrora, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sí àyà, ibẹ̀ ni òtútù àyà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kòkòrò ń fẹ́ràn irin. Ọmọ tó rù, ọmọ tí kò lè di ìtọ̀ mú, ọmọ tó ní cerebral palsy, tiwọn ló ń kẹ̀ jù. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, kì í ṣe iyán nìkan, fún oṣù mélòó kan ṣáájú. Ọyún lè jáde lọ́sẹ̀ kejì, ó sì lè jáde lọ́dún kejì. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún un ní oògùn fún ìgbà pípẹ́, nígbà mìíràn wọ́n á yọ irin.

Ọmọ tó rù tún lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì omi aláwọ̀ ewé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ara tó gùn lójijì ló fún ìfun kan pọ̀ níwájú ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ láìsí abẹ, bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n. Irin ṣíṣẹ́ sábà máa ń wáyé lẹ́yìn ọdún kan sí mẹ́ta, ó sì máa ń fi hàn pé eegun kò so níbì kan. Ojú fífọ́ nítorí dídojúbolẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n ó wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Níbo?

Ọsibítù ẹ̀kọ́ ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ́síréè ní ìdúró, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, àyẹ̀wò ọkàn àti kíndìnrín bí ó bá jẹ́ pé wọ́n bí i pẹ̀lú rẹ̀, àti lẹ́tà. Lẹ́tà náà lè darí yín sí UCH ní Ìbàdàn tàbí ọsibítù eegun ní Ìgbóbì, l'Ékòó. Ibẹ̀ sún mọ́ ilé, èdè kan náà ni, ìyá lè pààrọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n, àyẹ̀wò lẹ́yìn abẹ kò sì ní sú yín.

Tí ẹ̀yìn bá ti kọjá 100, ẹ gbé ti Ghana yẹ̀ wò pẹ̀lú. Oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ghana, Oheneba Boachie-Adjei, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ní New York, dá FOCOS sílẹ̀ ní 1998, ilé ìwòsàn wọn sì ṣí ní Accra ní 2012. Ẹ̀yìn líle láti káàkiri Áfíríkà ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀, òrùka orí sì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Ìnira ibẹ̀ ni oṣù tí ẹ ó lò níbẹ̀ àti ọ̀nà tó gba Benin àti Togo kọjá, tí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀sì gbà. Àwọn kan ń lọ sí Íńdíà. Ìmọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí irin bá ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, ta ni yóò tún un ṣe? Ẹ bèèrè yẹn kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ní ti owó, iye tí wọ́n bá pè ní "owó iṣẹ́ abẹ" kì í ṣe gbogbo rẹ̀. MRI, irin, ẹ̀jẹ̀, ICU, ilé tí ẹ ó gbé, ọkọ̀ àyẹ̀wò, àti owó ìpamọ́ bí wọ́n bá ní láti tún ibẹ̀ là. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi á yan oníṣẹ́ abẹ tó sọ fún mi iye irú ẹ̀yìn yìí tó ti ṣe àti iye tó ṣòro nínú wọn, ju ẹni tó ní kò séwu lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé

Ọmọ tí kò bá sí ìṣòro máa ń padà sí iléèwé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kò gbọ́dọ̀ gúnyán, kò gbọ́dọ̀ ru omi, kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ roko, kò sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà lórí ọ̀nà òkúta, títí oníṣẹ́ abẹ yóò fi rí i pé eegun ti so. Ó lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹ kọ̀wé fún olùkọ́ rẹ̀, torí wọ́n á ní kó wá gbálẹ̀.

Ibà tó ju ọjọ́ kan lọ, ojú abẹ tó ń sun omi, bíbì tí kò dáwọ́ dúró, èémí tó ń yára, ẹsẹ̀ kan tó gbóná tó sì wú, ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri, ìtọ̀ tí kò jáde: ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó kí ẹ gbéra, bó jẹ́ òru. Kí ẹ tó kúrò ní ọsibítù, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé lóru, kí ẹ sì ti bá awakọ̀ kan ní àdúgbò yín ṣàdéhùn pé yóò dìde tí ẹ bá kàn án lẹ́nu ọ̀nà.